Ọmọ mi ń gbá ẹ̀yìn, ó fẹ́ mọ Maldini: eré wo ni kí n wá fún un?

Ìyá Dámi (Òṣogbo)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Mi ò mọ nǹkan púpọ̀ nípa eré yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 14 lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yìn ló ń gbá nínú ẹgbẹ́ àdúgbò wa, dìfẹ́ńdà ni wọ́n ń pè é. Ó ga, ó lágbára, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kóòṣì rẹ̀ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ara rẹ̀ gbóná jù, pé kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń wọ́lẹ̀ pàdé e, ìyẹn ni pé ó ń fi ara yọ̀ nílẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù náà kúrò. Nínú eré márùn-ún, ó ti gba káàdì pupa méjì.

Bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé ní jẹ́sì pupa-òun-dúdú kan, nọ́ńbà 3 wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ MALDINI sí i. Dámi ló ń wọ̀ ọ́ kiri ilé báyìí, bó tilẹ̀ tóbi jù ú. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni ọkùnrin yìí ṣe tí Dádì fi fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí?" Mi ò rí èsì fún un, ó sì dùn mí.

Ẹ bá mi dárúkọ eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí mo lè wá fún un. Kó má pọ̀ jù, dátà wọ́n. Kí ẹ sì sọ ohun tó yẹ ká máa wò fún mi, torí mo fẹ́ jókòó tì í.

Àkàndé_Milan (Ìbàdàn)

Mọ́mì Dámi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tó ra nọ́ńbà 3 nígbà tí gbogbo èèyàn ń ra jẹ́sì àwọn tó ń gbá góòlù wọlé, ojú rẹ̀ ríran nínú bọ́ọ̀lù.

Ẹ sọ fún un pé ọmọ bíbí ìlú Milan ni Paolo Maldini, ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1968 ni wọ́n bí i. Apá òsì ẹ̀yìn ló máa ń gbá fún AC Milan, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún kílọ́ọ̀bù mìíràn rí. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí kóòṣì Nils Liedholm kọ́kọ́ gbé e wọlé nílùú Udine, ní oṣù kìíní ọdún 1985. Nígbà tó máa bọ́ bàtà lọ́dún 2009, ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 41. Eré 902 ló gbá fún Milan. Ó gba líìgì Ítálì ní ẹ̀ẹ̀méje, ó gba ife Yúróòpù ti àwọn kílọ́ọ̀bù ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún: 1989, 1990, 1994, 2003 àti 2007. Ẹ ní kó ṣírò ọdún tó wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Ọdún 18. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó gba àkọ́kọ́ ti ń dìbò lọ́dún tó gba ìkẹyìn.

Ife nìkan kọ́ ló sọ wá di ẹrú rẹ̀ o. Bó ṣe ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ èèyàn ni. Kì í du bọ́ọ̀lù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lo máa bá a, bí ẹni tí wọ́n ti ta lólobó látàárọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n: bí mo bá ń wo Maldini, òwe yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Eré àkọ́kọ́ tí mo ní kí ẹ wá ni Milan àti Barcelona, àṣekágbá Yúróòpù nílùú Athens, ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1994. Baresi àti Costacurta tó máa ń ṣọ́ àárín ẹ̀yìn kò lè gbá á nítorí ìjìyà káàdì. Kóòṣì Capello bá mú Maldini kúrò lápá òsì, ó gbé e sáàárín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Filippo Galli. Romário àti Stoichkov tó ń gbá iwájú fún Barcelona ló ń bọ̀ wá kò wọ́n lójú! Milan na Barcelona ní 4-0, Barcelona tí Cruyff ń kọ́. Góòlù tí Savićević gbá kọjá lórí gólì (ẹni tó ń ṣọ́ ilé) ni gbogbo ayé ń rántí. Kí Dámi gbàgbé góòlù. Kó tẹ ojú mọ́ Maldini nìkan, pàápàá nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó máa ka iye ìgbà tó ń yí orí wo ẹ̀yìn.

Kóòṣì_Tòkunbọ̀ (Abẹ́òkúta)

Ohun tí Àkàndé sọ kẹ́yìn yẹn gan-an ni kókó. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 12 sí 16, Mọ́mì, gbogbo ọmọ tó bá lágbára ni mo ti bá ìṣòro Dámi lára rẹ̀. Bó bá wọ́lẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù jáde, àwọn òǹwòran á pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹni tó dúró síbi tó yẹ, tí bọ́ọ̀lù fi bá a lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó ń pariwo tiẹ̀. Ọmọdé á sì gba ibi tí ariwo wà lọ.

Bí ẹ bá jókòó tì í, ohun tí ẹ máa bá a wò nìyí. Bí wíńgà (ẹni tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ pápá) bá gbé bọ́ọ̀lù dojú kọ Maldini, ẹ wo bó ṣe dúró. Kì í kọjú sí i tààrà. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń kọ sí i, ẹsẹ̀ kan síwájú, èkejì sẹ́yìn, orúnkún rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá dúró tààrà, àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ti bọ́ọ̀lù gbà, àwa náà mọ orúkọ tá à ń pe ìyẹn ní ojú pápá! Lẹ́yìn náà, á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Kò sá o. Ó ń fi àkókò ṣòfò fún ẹni yẹn kí àwọn ará rẹ̀ tó kù lè dé. Á máa rọra tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, níbi tí pápá ti máa ń tán. Ìgbà tí onítọ̀hún bá wá gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣísẹ̀ kan péré, ìgbà yẹn ni Maldini máa na ẹsẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n wọ́lẹ̀ o, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ́lẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá dá a lójú ló ń ṣe é.

Eré ìdárayá kan wà tí mo máa ń fún àwọn ọmọ mi. Ẹ fi òkúta sàmì ọ̀nà kan tó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbé bọ́ọ̀lù, kí Dámi máa ṣọ́ ọ. Dámi kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù títí a ó fi ka ení dé ẹẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ráyè kọjá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ronú.

Kó má sì rò pé Maldini nìkan ló ń dá a ṣe. Arrigo Sacchi tó di kóòṣì Milan lọ́dún 1987 ti sọ ìtàn yìí fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ fi han Gullit àti Van Basten, tó ń gbá iwájú fún un, pé ètò ju agbára lọ. Ó mú gólì Giovanni Galli pẹ̀lú Tassotti, Costacurta, Baresi àti Maldini, èèyàn márùn-ún. Ó kó mẹ́wàá tì wọ́n, Gullit àti Van Basten wà nínú wọn, ó ní ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ní láti fi gbá góòlù wọlé. Wọn ò rí ẹyọ kan gbá. Kí Dámi bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwọn mẹ́rin yẹn ń bára wọn sọ lórí pápá. Bí ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn kò bá lè sọ̀rọ̀, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni kò ṣe.

Ráúfù_Ọ̀fà (Ìlọrin)

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà mọ Maldini kó má wo eré wa pẹ̀lú Ítálì ni?

Ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1994, ní Foxboro lẹ́bàá Boston, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa níbí. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi la ti wò ó, nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn sí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Baresi ti farapa nínú eré wọn kejì, torí náà Maldini ló wà láàárín ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, tó ń kojú Rashidi Yekini, Yekini wa! Níṣẹ̀ẹ́jú 25, bọ́ọ̀lù kọ́nà wọlé, àwọn ará Ítálì kò rí i gbá kúrò, Maldini pẹ̀lú wọn, Amunike sì sọ ọ́ kọjá gólì. Mo rántí pé àga fọ́. Wọ́n lé Zola jáde lẹ́yìn náà, Ítálì ku mẹ́wàá. A ti ń kọrin. Ìṣẹ́jú méjì ló kù kí aago pé tí Roberto Baggio fi gbá a wọlé, ó tún wá fi pẹnáritì gbá èkejì ní àfikún àkókò.

Mo kórìíra gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sunkún sùn ni. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó tún eré náà wò pẹ̀lú ojú tútù. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ṣe àṣìṣe níṣẹ̀ẹ́jú 25 kò jẹ́ kí ó gbé òun lọ. Wọ́n ku mẹ́wàá, oòrùn ń pa wọ́n, Yekini ń fi ara gbá wọn, ẹsẹ̀ Maldini ṣì wà níbi tó yẹ. Dámi tó ń gba káàdì pupa nílò láti rí ìyẹn ju eré tí wọ́n ti ń na èèyàn ní 4-0 lọ.

Kó wo Uche Okechukwu tiwa náà nínú eré yẹn. Ẹ má jẹ́ kó rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n gbá.

Àdùkẹ́_Ẹsẹ̀Òsì (Ìkòròdú)

Ọ̀rọ̀ kékeré ni tèmi. Mo ń gbá apá òsì ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ obìnrin kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Ọlọ́run fún mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ti Maldini náà! Apá ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ òsì títí tí àwọn èèyàn fi gbàgbé èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn. Kí Dámi wá ògiri, kó máa fi ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n gbá gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́, kó máa gbà á padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan náà. Mo ṣe é fún oṣù mẹ́fà. Ìyàtọ̀ tó dé bá mi pọ̀: ẹni tó ń bọ̀ wá bá mi kò mọ ẹ̀gbẹ́ tó lè tì mí sí mọ́.

Ṣẹ́gun_B (Adó-Èkìtì)

Mo fẹ́ràn Maldini, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Baresi ni ọ̀gá rẹ̀. Baresi ló ń pàṣẹ, tó ń gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo wọn lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí sítíráíkà lè bọ́ sínú ọ́fúsáìdì. Milan gba góòlù 15 péré sílé nínú eré líìgì 34 lọ́dún 1993-94. Iṣẹ́ Baresi ni.

Àkàndé_Milan (Ìbàdàn)

Ṣẹ́gun, mi ò bá ọ jà. Ọ̀dọ̀ Baresi ni Maldini ti kọ́ iṣẹ́, kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Baresi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1997, Maldini gba okùn kápútẹ́nì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi gba ife Yúróòpù méjì sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ilé tí kò jẹ́ kó wó.

Bàbá_Ìbejì (Peckham, London)

Ẹ kú àárọ̀ láti Ìlú Ọba. Mọ́mì, bó bá jẹ́ Dámilọ́lá ni orúkọ Dámi ní kíkún, ẹ sọ èyí fún un, inú rẹ̀ máa dùn. Dìfẹ́ńdà kan wà ní Milan tó ń jẹ́ Fikayo Tomori. Oluwafikayomi Oluwadamilola ni orúkọ rẹ̀! Ọmọ Yorùbá ni, Kánádà ni wọ́n bí i sí, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló dàgbà sí. Oṣù kìíní ọdún 2021 ni Milan yá a lọ́wọ́ Chelsea, wọ́n sì rà á pátápátá nígbà tó yá. Ta ló wà nípò olùdarí nígbà náà? Maldini ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2022, wọ́n gba líìgì Ítálì tí wọn ò tíì gbà láti 2011. Nígbà tí mo rí orúkọ Tomori nínú àwọn tó wọlé, mo pe ìyàwó mi láti kíṣìnì pé kó wá wo ọmọ wa.

Ní ti eré, mo fi ọ̀kan kún un: àṣekágbá 2007, Athens náà, Milan 2, Liverpool 1. Ó ku oṣù kan kí Maldini pé ọdún 39. Kò lè sáré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ ó rí i. Ìyẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ kó wò ó. Nígbà tí eré sísá bá tán, kí ló kù lára ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn?

Ìyá Dámi (Òṣogbo)

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ ṣé. Dámilọ́lá ni! Ó fò sókè nígbà tí mo ka ti Tomori fún un. A ti wo Athens 1994 àti eré Nàìjíríà. Ó ní kí n bi yín pé, bí Maldini bá dára tó báyìí, kí ló dé tí kò gba ife kankan fún Ítálì?

Ráúfù_Ọ̀fà (Ìlọrin)

Ọmọ yìí gbọ́n. Dámi, gbọ́: eré 126 ló gbá fún Ítálì, 74 nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kápútẹ́nì. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé mẹ́rin ló lọ. Lọ́dún 1990, pẹnáritì ni Argentina fi yọ wọ́n ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Lọ́dún 1994, lẹ́yìn tó na tiwa tán, Brazil fi pẹnáritì gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú àṣekágbá. 1998, pẹnáritì náà ni, Faransé. Lọ́dún 2000, ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ló kù kí wọ́n gba ife Yúróòpù ti àwọn orílẹ̀-èdè, Faransé gbá a wọlé, wọ́n tún gbá góòlù kan tó parí eré. Lọ́dún 2002, Ahn Jung-hwan ti Kòríà Gúúsù fo gbá bọ́ọ̀lù lórí níwájú Maldini fúnra rẹ̀, eré parí. Ibẹ̀ ló ti fi ẹgbẹ́ Ítálì sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ítálì gba ife àgbáyé láìsí i.

Àti àṣekágbá Yúróòpù tí Milan gbá ní Istanbul lọ́dún 2005. Òun fúnra rẹ̀ gbá góòlù wọlé kí ìṣẹ́jú kan tó pé, Milan ń lé Liverpool ní 3-0 kí wọ́n tó lọ sinmi, pẹnáritì ni wọ́n fi pàdánù. Mo sọ gbogbo èyí fún ọ torí pé ọ̀pọ̀ wa tó fẹ́ràn rẹ̀, inú ìpàdánù wọ̀nyí la ti fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn Istanbul, ó padà wá lọ́dún 2007.

Àkàndé_Milan (Ìbàdàn)

Mọ́mì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa jẹ́sì yẹn, ẹ dákun ẹ kà á fún un.

Cesare Maldini, bàbá Paolo, dìfẹ́ńdà Milan lòun náà. Lọ́dún 1963, òun ni kápútẹ́nì tó gbé ife Yúróòpù àkọ́kọ́ tí Milan gbà, ní Wembley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, 2003, Milan bá Juventus gbá àṣekágbá ní Manchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Kò sẹ́ni tó gbá góòlù wọlé, pẹnáritì ni wọ́n fi parí rẹ̀, Paolo sì gbé ife náà sókè gẹ́gẹ́ bíi kápútẹ́nì. Bàbá àti ọmọ, iṣẹ́ kan náà, aṣọ kan náà, ilẹ̀ kan náà.

Nígbà tí Paolo fẹ̀yìn tì, Milan gbé nọ́ńbà 3 kúrò nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́ àyàfi bí ọmọ bíbí inú rẹ̀ bá gbá bọ́ọ̀lù dé ẹgbẹ́ àgbà. Daniel ọmọ rẹ̀ dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 27 ló wọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ó gbá góòlù wọlé ní ilé Spezia, bàbá rẹ̀ wà lókè níbẹ̀ tó ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ ṣì ń dùn mí. Eré ìkẹyìn rẹ̀ ní San Siro, pápá Milan, oṣù karùn-ún ọdún 2009, nígbà tó ń yí pápá ká láti dágbére, àwọn kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn Milan fúnra wọn súfèé yẹ̀yẹ́ sí i. Ọdún 25 ló fi sìn wọ́n! Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ gbá eré ìkẹyìn pátápátá nílé Fiorentina, àwọn ará ìlú yẹn, tí kì í ṣe tirẹ̀, ló dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, omi ń bọ́ lójú mi.

Ìyá Dámi (Òṣogbo)

Mo kà á fún un. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń fọwọ́ pa nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì náà. Ó ní òun ò ní máa wọ̀ ọ́ lọ sí pápá, kó má baà ya. A ti fi háńgà gbé e kọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀.

Wọ́n gbá eré lánàá. Mo lọ wò ó, mo ṣe bí ẹ ti wí, òun nìkan ni mo tẹ ojú mọ́. Mo ka ìgbà tó yí orí wo ẹ̀yìn, ó lé ní ogún kí wọ́n tó lọ sinmi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù ló sì gbá. Wọ́n na wọ́n ní 1-0, ṣùgbọ́n kò gba káàdì kankan. Nígbà tá à ń bọ̀ nílé, ó ní ẹni tó gbá góòlù yẹn wọlé ti ẹ̀yìn òun yọ, pé òun ò rí i ni. Ó bi mí bóyá dátà ṣì kù, torí a ò tíì wo ti 2007.